Bí ẹ ṣe lè rí erin, ẹkùn àti àbùùbùtán ní Sri Lanka láì máa sáré kiri

Àwọn tó bá fẹ́ lọ wo ẹranko ní Sri Lanka, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé páàkì wo ló dáa jù, tèmi ni pé ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Erékùṣù yẹn ò tóbi, gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 65,600 kìlómítà níbùú lóròó lọ, àmọ́ òjò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan máa ń gba gúúsù ìwọ̀ oòrùn wọlé láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹsàn-án, èkejì á gba àríwá ìlà oòrùn wá ní nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kejì, àwọn òkè ńlá tó wà láàárín ìlú á wá dá òjò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa jẹ oòrùn ẹ̀ lọ. Torí náà ọ̀pọ̀ oṣù lẹ ṣì lè rí ibi tó gbẹ, àmọ́ kò sí oṣù tí gbogbo ibẹ̀ á dáa pa pọ̀. Ẹni tó bá mú páàkì kó tó wo kàlẹ́ńdà lè dé ibẹ̀ kó bá géètì ní títì pa.

Yala, páàkì tí okìkí ẹkùn ibẹ̀ kàn, ni mò ń bá wí o. Block 1, ìyẹn apá tí gbogbo èèyàn ń rọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án títí di àárín oṣù kẹwàá, torí ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń mú gan-an lásìkò yẹn, omi á gbẹ, wọ́n á ní káwọn ẹranko sinmi lọ́wọ́ jíìpù díẹ̀. Tó bá jẹ́ Yala lọkàn yín fẹ́, oṣù kejì sí oṣù keje ni kẹ́ ẹ lọ, bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ sí i làwọn ẹranko á ṣe máa kóra jọ sídìí àwọn adágún tó ṣẹ́ kù, ẹ̀yin náà ò ní máa yọjú wo inú igbó kiri. Erin tó ń pé jọ ní páàkì Minneriya, oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Àbùùbùtán ní òkun Mirissa, oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kan kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹkùn wàyí, mo mọ̀ pé òun ló wà lọ́kàn yín. Sri Lanka ò ní kìnnìún, kò ní táígà, ẹkùn ló ń jọba nínú igbó níbẹ̀, kò sí ẹranko tó ń lé e, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rìn fàlàlà lójú ọ̀sán, á sùn gbalaja sórí àpáta bí onílé tó ń gbafẹ́ níwájú ilé ẹ̀. Yala sì wà lára ibi tí ẹkùn pọ̀ sí jù láyé tá a bá fi bí ilẹ̀ ṣe tó wọ̀n ọ́n. Àwa èèyàn gan-an ni ìṣòro ibẹ̀. Bí dírẹ́bà kan bá ti rí ẹkùn, á pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á pe tiẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, jíìpù á ti dí ọ̀nà pa, eruku á gba gbogbo ibẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí ju ìrù lọ, ẹkùn fúnra ẹ̀ á dìde á wọgbó lọ, kálukú á wá máa bá dírẹ́bà ẹ̀ jà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bọ́ nínú ẹ̀ nìyí. Ẹ bá dírẹ́bà yín sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ tójú gbogbo yín ṣì ń tòògbé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ eré sísá, kó má gbé yín lé ẹkùn tí ẹlòmíì ti rí, kó wá ibi tó dákẹ́ kó pa ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ jọ tẹ́tí sígbó. Ẹ wo àwọn àgbọ̀nrín alámì tó-tò-tó yẹn dáadáa, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ débi pé táá bá yá ẹ ò ní wo ojú wọn mọ́, àmọ́ àwọn gan-an ló máa fi ẹkùn hàn yín. Wọ́n á ti máa jẹko, lójijì gbogbo wọn á gbórí sókè, wọ́n á kọjú síbì kan náà, ọ̀kan á fi ẹsẹ̀ iwájú janlẹ̀, á wá ké lẹ́ẹ̀kan, igbe kúkúrú tó le. Tí ọ̀bọ orí igi bá dá sí i, tó ń gbó wúkẹ́wúkẹ́ lókè níbẹ̀, tí ọ̀kín náà tún figbe ta, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ o, ẹkùn ń rìn nítòsí. Dírẹ́bà tó mọṣẹ́ ẹ̀ ò ní tanná sí ẹ́ńjìnì rárá. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó rí nǹkankan, ẹ ò sì lè rí nǹkankan náà, àmọ́ tó bá jáde, ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n á máa nawọ́ sí ewéko pé òun nìyẹn, òun nìyẹn, ẹ̀yin á máa wò, ẹ ò rí nǹkankan, ojú á wá ń tì yín láti sọ. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, tá a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ sọ pé ẹ ò rí i, kí dírẹ́bà má tíì wakọ̀ lọ.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni géètì máa ń ṣí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Gbogbo jíìpù ló máa ń tò sí géètì Palatupana láàárọ̀ kùtù, géètì míì wà tó ń jẹ́ Katagamuwa lápá ibòmíì tí èrò ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ bi dírẹ́bà bóyá ó lè gbé yín gba ibẹ̀. Ìlú Tissamaharama lọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn sí. Béárì náà wà ní Yala o, dúdú, onírun wọ́gọwọ̀gọ, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó lọ ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí oṣù keje tí èso igi palu ń pọ́n, torí ó fẹ́ràn èso yẹn débi pé á gungi lọ ká a, á tún máa ṣa èyí tó jábọ́ sílẹ̀, kò ní bìkítà pé èèyàn ń wo òun. Tẹ́ ẹ bá ti wọ Yala, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, àfi láwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀, bí etíkun Patanangala. Ibẹ̀ ni ilé kan wà tẹ́lẹ̀ táwọn àlejò ń dé sí kí tsunami ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004 tó gbá a lọ tòun tàwọn èèyàn inú ẹ̀, wọ́n ṣe ohun ìrántí síbẹ̀, ẹ fọ̀wọ̀ wọ ibẹ̀.

Tí ariwo Yala ò bá wù yín, Wilpattu ni kẹ́ ẹ gbà lọ, lápá àríwá ìwọ̀ oòrùn, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlú Anuradhapura. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo páàkì Sri Lanka, ó lé ní 1,300 kìlómítà níbùú lóròó, 1938 ni wọ́n ti sọ òun àti Yala di nàṣánnà páàkì. Ogun abẹ́lé tó parí ní 2009 mú kí wọ́n tì í fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ló fà á tí èrò ò fi tíì kún ibẹ̀ bíi ti Yala. Igbó ibẹ̀ dí, ẹ lè wakọ̀ fún wákàtí kan láì rí ju ẹyẹ àti igi lọ, lójijì igbó á là, ẹ á rí adágún fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní villu, omi òjò ló ń kún inú ẹ̀, ọ̀ọ̀nì á sùn sétí ẹ̀, ẹfọ̀n á wà nínú omi títí dé ọrùn. Ẹkùn wà níbẹ̀ náà, kò kàn rọrùn láti rí tó ti Yala. Èmi ò kí ń fún ẹni tí kò ní sùúrù nímọ̀ràn Wilpattu, ẹni tó bá ní sùúrù ni kó lọ.

Ọ̀rọ̀ owó, kẹ́ ẹ má bàa rò pé wọ́n fẹ́ jí yín lówó. Owó tíkẹ́ẹ̀tì páàkì lọ́tọ̀, owó jíìpù lọ́tọ̀. Iye tí àlejò láti ìlú òkèèrè ń san pọ̀ fíìfíì ju ti ọmọ onílùú lọ, òfin ìjọba wọn ni, kì í ṣe dírẹ́bà ló fi kún un. Dọ́là ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, rúpíì ilẹ̀ Sri Lanka lẹ máa fi san án. Wọ́n á tún fi owó iṣẹ́ lé e, wọ́n á fowó orí lé e, wọ́n á gba tọkọ̀, kí iye tẹ́ ẹ rí lójú pátákó tó di iye tẹ́ ẹ san, ó ti gòkè. Jíìpù kan lè gba èèyàn bíi mẹ́fà, ẹ wá àwọn tẹ́ ẹ jọ dé hòtẹ́ẹ̀lì kan náà kẹ́ ẹ jọ pín owó ẹ̀, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, torí ẹni tó bá jókòó sáàárín ò ní rí ju ẹ̀yìn orí ẹlòmíì lọ. Kẹ́ ẹ tó san owó jíìpù, ẹ bi í léèrè dáadáa: ṣé tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀ àbí kò sí, wákàtí mélòó ni, ṣé ilé la ti máa ka wákàtí náà àbí géètì?

Erin ló kù, erin sì ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kí n má parọ́. Tẹ́ ò bá ní ju páàkì kan ṣoṣo lọ tẹ́ ẹ lè lọ, oṣù yòówù kó jẹ́, ẹ lọ Udawalawe. Ọdún 1972 ni wọ́n dá a sílẹ̀ yí adágún dáàmù ńlá kan ká, koríko ló pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ, ojú ríran jìnnà, erin kì í sì í wọ́n níbẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ní kí dírẹ́bà dúró ti agbo ilé erin kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ sọ pé ó yá. Ẹ wo bó ṣe ń jẹun. Á fi ọwọ́jà ẹ̀ wé koríko dání, á fi èékánná ẹsẹ̀ iwájú ta á ní ìdí kó lè tú, kò ní tíì fi sẹ́nu o, á kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n mọ́ orúnkún ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí iyẹ̀pẹ̀ ìdí gbòǹgbò yẹn lè dànù, ìgbà yẹn láá tó jẹ ẹ́. Lékèélékèé á máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, kòkòrò tí ẹsẹ̀ erin bá lé sókè lòun ń wá. Ọmọ erin tí kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe á máa gbìyànjú ẹ̀, koríko á já bọ́, á bínú, á lọ wá ọmú ìyá ẹ̀. Èyí tó ní eyín gígùn ò pọ̀ láàárín erin Sri Lanka, abo kì í ní in, díẹ̀ nínú akọ ló ní in, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, orire yín nìyẹn.

Ẹ̀bá Udawalawe náà ni ilé táwọn ọmọ erin aláìníyàá wà, Elephant Transit Home, 1995 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ò ní gùn wọ́n, ibi ìjókòó kan wà lókèèrè tẹ́ ẹ ti máa wo bí wọ́n ṣe ń fún wọn ní mílíìkì, wọ́n á sáré wá tìrìgbọ̀n-tìrìgbọ̀n, tí wọ́n bá ti dàgbà tó, wọ́n á dá wọn padà sínú igbó. Ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá gun erin, tàbí tẹ́ ẹ rí ṣéènì lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ fi owó yín sápò, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ná an.

Minneriya ní tiẹ̀, ìran ńlá ni. Ọba Mahasena ló wa adágún yẹn ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn fún oko ìrẹsì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi ẹ̀ á fà sẹ́yìn, koríko tútù á hù síbi tí omi fi sílẹ̀, erin á wá máa ti igbó gbogbo agbègbè yẹn wá, wọ́n lè lé ní igba lójú kan náà. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, omi ò kí ń fà bákan náà lọ́dọọdún, tí wọ́n bá tú omi wọ adágún láti dáàmù òkè, koríko á rì sómi, àwọn erin á kó lọ sí Kaudulla tàbí Hurulu, méjèèjì ò jìnnà síbẹ̀. Torí náà ẹ má san owó Minneriya sílẹ̀ láti ilé. Ẹ dé Habarana tàbí Sigiriya tó wà nítòsí ibẹ̀, ẹ bi dírẹ́bà pé níbo ni wọ́n wà lánàá, ibi tó bá dárúkọ ni kẹ́ ẹ lọ. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, torí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń jáde wá sí gbangba.

Tí erin bá jẹ́ kí etí ẹ̀ fẹ̀ gbàgà, tó gbórí sókè, tó dákẹ́ jíjẹ, tó kọjú sí yín, kí dírẹ́bà padà sẹ́yìn, ẹ má ní kó dúró kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Èyí tó jẹ́ akọ tẹ́ ẹ rí omi tó ń ṣàn ní ẹ̀bátí ẹ̀, láàárín ojú sí etí, kẹ́ ẹ jìnnà sí i pátápátá, ara ẹ̀ ò balẹ̀ lásìkò yẹn. Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èso kankan sórí ìjókòó. Okìkí erin kan kàn ní Yala tí wọ́n ń pè ní Gemunu, àwọn èèyàn ti fún un lóúnjẹ títí ó ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú jíìpù, ó wá ń ti ọwọ́jà bọ inú ọkọ̀ tó ń tú ẹrù èèyàn. Lójú ọ̀nà Buttala sí Kataragama náà, erin máa ń dúró sójú títì kí mọ́tò lè fún wọn ní nǹkan, ẹ má bá wọn dá sí i.

Tẹ́ ò bá fẹ́ jókòó sínú jíìpù, tẹ́ ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn, Horton Plains ni. Orí òkè ni, ó lé ní 2,000 mítà, ẹ lè sùn sí Nuwara Eliya tàbí kẹ́ ẹ wọ rélùwéè lọ Ohiya. Ọ̀nà ibẹ̀ yípo bíi kìlómítà mẹ́sàn-án, ẹ máa dé World's End, bèbè òkè tó já wálẹ̀ gbọnrangandan, ó ju 800 mítà lọ. Aago mẹ́fà ni kẹ́ ẹ ti wà ní géètì, torí tó bá ti ń lọ sí aago mẹ́wàá, kùrukùru á bo gbogbo ẹ̀, funfun nìkan lẹ máa rí. Ẹ mú súwẹ́tà, oṣù kìíní òtútù ibẹ̀ lè di yìnyín lórí koríko. Wọ́n máa ń yẹ báàgì wò ní géètì, ọ̀rá yòówù tó bá wà lára bisikíìtì yín, wọ́n á gbà á, torí àwọn àgbọ̀nrín ńlá tó ń jẹ́ sambar máa ń jẹ ọ̀rá, ó sì ń pa wọ́n.

Sinharaja ni ti ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ. Igbó òjò ni, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1988, ẹ ò lè wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi ẹyẹ ló máa ń kó ara wọn rìn, ẹ lè rìn fún wákàtí kan kí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kí agbo kan wá kọjá lórí yín kí ọrùn máa dùn yín níbi tẹ́ ẹ ti ń wòkè. Eṣúṣú pọ̀ níbẹ̀ o! Ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń wọ̀ torí eṣúṣú, ẹ ki sòkòtò bọ inú ẹ̀, tí ọ̀kan bá sì mú yín, kò ní pa yín, ẹ fi èékánná yọ ọ́ ní ìdí, kí ẹ̀jẹ̀ kàn máa dà díẹ̀.

Ti òkun, Mirissa, lápá gúúsù. Omi ibẹ̀ jìn kété téèyàn bá kúrò létí òkun, ìdí nìyẹn tí àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, ẹranko tó tóbi jù láyé, fi ń sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lo oògùn èébì kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, tó bá di ẹ̀yìn tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, ó ti pẹ́ jù. Ẹ yan ọkọ̀ tó máa dúró lókèèrè, ẹ sá fún àwọn tó máa ń yí ẹranko yẹn po títí á fi rì wọlẹ̀ tí kò ní jáde mọ́. Tó bá jẹ́ oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ lẹ lọ, òkun Mirissa á ti máa ru, Trincomalee ní ìlà oòrùn ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Ẹrù kékeré: awò ìwòran ọ̀nà jíjìn, 8x42 (èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ) tó, ó wúlò ju kámẹ́rà olówó ńlá lọ fún ẹni tó kàn fẹ́ wo nǹkan. Ìbòmú nítorí eruku. Aṣọ tí àwọ̀ ẹ̀ ò tàn. Drone, ẹ fi sílé, òfin ò gbà á nínú páàkì. Ìbà malaria ti kúrò ní Sri Lanka, WHO ló kéde ẹ̀ ní 2016, àmọ́ ibà dengue ṣì wà, ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án ló ń fà á, torí náà ẹ fi òróró ẹ̀fọn para láàárọ̀.

Bí mo ṣe máa tò ó nìyí. Ẹni tó lọ láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin: Mirissa, Udawalawe, Yala, kó gòkè lọ Horton Plains, kó fi Sinharaja kádìí ẹ̀. Ẹni tó lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ: Wilpattu, Minneriya tàbí Kaudulla, Trincomalee, kó lè padà gba Udawalawe tí àyè bá wà. Sinharaja ẹ fi sílẹ̀ lásìkò yẹn, òjò á ti pọ̀, eṣúṣú á pọ̀ ju ẹyẹ lọ.